Fíìmù samurai tí kò ní ìparí: ṣé àbùkù ni, àbí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Àjàní Onísinimá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Alẹ́ àná ni mo tún jókòó ti Dai-bosatsu toge, fíìmù samurai, àwọn jagunjagun onídà ilẹ̀ Japan láyé àtijọ́, tí Kihachi Okamoto darí fún iléeṣẹ́ Toho lọ́dún 1966. Orúkọ tí wọ́n fi tà á fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni The Sword of Doom, òun ni kí ẹ fi wá a. Ìgbà kẹrin tí mo máa wò ó nìyí, síbẹ̀ nígbà tó tán, oorun ò wá. Ìparí rẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ sọ. Gbogbo ẹni tí mo bá ní kó lọ wo fíìmù yìí ló máa ń pè mí padà pé, "Àjàní, tèmi ti gé o." Kò gé. Ibẹ̀ ni wọ́n parí ẹ̀ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i kó dúró níbí, torí màá sọ gbogbo rẹ̀.

Ọdún 1860 ni ìtàn bẹ̀rẹ̀, lórí Daibosatsu, ọ̀nà orí òkè tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbà láàárín Kofu àti Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí. Bàbá arúgbó kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Omatsu, gun òkè náà débẹ̀. Ọmọ lọ pọnmi. Bàbá kúnlẹ̀ níwájú ojúbọ, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ikú tètè wá mú òun, kí òun má baà di ẹrù sí ọmọ náà lọ́rùn. Ọkùnrin kan ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó dé akẹtẹ̀ tó bo ojú. Ó ní kí bàbá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ó yọ idà. Ó parí. Wọn ò mọ ara wọn rí, wọn ò jà, wọn ò jẹ ara wọn ní gbèsè.

Ryunosuke Tsukue lorúkọ apààyàn yẹn, Tatsuya Nakadai ló ṣe é. Wọ́n fa òun àti Bunnojo Utsuki kalẹ̀ láti fi idà onígi díje ní ojúbọ Mitake. Ohama, ìyàwó Bunnojo, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìborí sílẹ̀ fún ọkọ òun, Ryunosuke ní àfi kí obìnrin náà fi ara rẹ̀ san án. Ọkọ gbọ́. Ó kọ ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ìbínú wọ ìdíje. Igi lásán ni Ryunosuke fi pa á. Ohama bá a lọ sí Edo, ó bímọ ọkùnrin fún un. Hyoma, àbúrò olóògbé, lọ ń kọ́ idà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Shimada (Toshiro Mifune ni) kó lè gbẹ̀san. Omatsu ní tirẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè kan, Shichibei, tó ṣàánú rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n ayé gbé ọmọbìnrin náà dé ilé àwọn aṣẹ́wó ní Shimabara ní Kyoto. Ẹ rí i pé okùn mẹ́ta mẹ́rin ló ń fà lọ síbì kan náà.

Ibẹ̀ la wá bá a. Nínú yàrá kan ní Shimabara, Omatsu sọ bí wọ́n ṣe pa bàbá àgbà òun lórí òkè. Ryunosuke gbọ́. Òjìji àwọn tó ti pa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ìkélé ọparun, ohùn wọn ń pè é. Ó ń gé òjìji, ìkélé ń já bọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá rìn rọ́ wọlé láti pa á, iná mú ilé, ó ń pa wọ́n, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ṣàn, ó ń tiro, kò dúró. Lójijì àwòrán dúró gbagidi lójú rẹ̀, pẹ̀lú idà lókè. Ó tán!

Hyoma ńkọ́? A ò rí i mọ́. Toho fẹ́ ṣe apá tó kù, wọn ò ṣe é mọ́. Síbẹ̀, èmi gbà pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe é, wọn ì bá tí rí ìparí tó ju èyí lọ. Ẹ gbà mí tàbí ẹ bá mi jà.

---

Kọ́lá Mushin

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ẹ kú iṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Fíìmù yìí jẹ wá ní gbèsè.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe bá Hyoma ṣe wàhálà tó. Ó bá Ryunosuke pàdé nínú ilé ìkọ́dà Shimada, láìmọ̀ pé òun ni, torí orúkọ mìíràn ni Ryunosuke ń jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n dánra wò, ọmọ náà ò rí i gbé ṣe. Lẹ́yìn tó wá mọ ẹni tí í ṣe, Shimada sọ fún un pé kò sí ọgbọ́n míì, àfi kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi idà gún ní tààràtà, kó sì ti pinnu láti kú. A wò ó bó ṣe ń gún un, tó ń gún un, tó ń làágùn. Kí ni gbogbo rẹ̀ wà fún? Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná gbọ́dọ̀ se nǹkan.

Nígbà tí a wà ní kékeré, bí fíìmù ilé bá gé síbi tó dùn, wọ́n á kọ ọ́ síta pé apá kejì ń bọ̀, a ó sì máa lọ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù onífídíò lójoojúmọ́. Apá kejì máa ń dé. Ti èyí ò dé láti 1966.

---

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àjàní, o káre, ìwọ lo jẹ́ kí n wò ó. Kọ́lá, gbèsè Hyoma nìkan lo rí. Ta ni yóò san ti Ohama?

Èmi ò lè gbàgbé ilé ọlọ yẹn. Omi ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá níta, àwọn igi ńláńlá ń gùn ún nínú, gbì, gbì, gbì, bí ìgbà tí odó mẹ́ta ń gúnyán lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí wọ́n fi hàn wá nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ariwo igi yẹn nìkan tó. Mo gbọ́ ọ lára. Obìnrin yẹn wá bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ ni o! Ọkọ tó torí rẹ̀ wọ ọ̀fìn ni ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá wo ilé wọn ní Edo. Yàrá kótópó, ọmọ ń ké, ọkùnrin náà ń mu ọtí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Michiyo Aratama ló ṣe Ohama, ó sì ṣe é débi pé bó bá ń bú ọkùnrin náà, èèyàn á mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń bú. Nígbà tó gbọ́ pé Hyoma fẹ́ bá a jà, ó mú ọ̀bẹ lóru láti pa á lójú oorun. Ọkùnrin náà jí. Òun náà kú sójú idà yẹn, ọmọ ń sunkún.

Nítorí náà, bí òjìji wọ̀nyẹn ṣe yọ sí i, tí mo gbọ́ ohùn Ohama láàárín wọn, ní tèmi, ẹ̀san ti dé nìyẹn. Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Kí ni Hyoma tún fẹ́ ṣe tí Ohama ò tíì ṣe?

---

Adéọlá Akàwé

Ẹ ṣeun mà, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé tí wọ́n ti mú fíìmù náà jáde wá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìparí yìí ti wá.

Kaizan Nakazato ló kọ ọ́. Wọ́n bí i ní 1885 ní Hamura, ìwọ̀-oòrùn Tokyo. Ó ti ṣiṣẹ́ tẹlifóònù rí, ó ti ṣe tíṣà rí, kó tó lọ bá ìwé ìròyìn Miyako Shimbun ṣiṣẹ́. Inú ìwé ìròyìn yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ní 1913, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń gé iṣu fún ọmọ. Àwọn òǹkàwé ò jẹ́ kó simi. Ó kọ ọ́ títí di 1941. Ìdì ìwé mọ́kànlélógójì! Nígbà tó kú ní 1944, ìtàn náà ò tíì parí. Òun fúnra rẹ̀ kì í pè é ní ìtàn samurai lásán, ó ní ìtàn ẹ̀sìn Búdà ni, èyí tó ń fi hàn bí ìṣe ẹ̀dá ṣe ń lé ẹ̀dá kiri. Orúkọ òkè náà pàápàá, ẹni mímọ́ ńlá inú ẹ̀sìn Búdà ló ń tọ́ka sí. Ẹ wá wò ó pé iwájú ojúbọ irú òkè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti pa arúgbó tó ń gbàdúrà.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tó jáde bíi lẹ́tà nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, á mọ irú agbára tí ìtàn ìwé ìròyìn ní. Àwọn èèyàn ń retí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òǹkọ̀wé náà ń rí wọn, wọ́n ń rí i. Ti Nakazato wá gba ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Kọ́lá, ohun tó máa dùn ọ́ jù lọ rèé. Inú ìwé náà, Hyoma ò rí ẹ̀san yẹn gbà. Ìtàn ń fẹ̀ sí i, àwọn èèyàn tuntun ń wọlé, ẹ̀tù bú mọ́ Ryunosuke lójú ní Totsugawa, ó fọ́jú, ó sì ń fi ojú fífọ́ rìn kiri pẹ̀lú idà. Ẹ̀san ń jìnnà sí i ni.

---

Kọ́lá Mushin

> Inú ìwé náà, Hyoma ò rí ẹ̀san yẹn gbà.

Adéọlá, o fẹ́ ba alẹ́ mi jẹ́ ni. Ìdì ìwé mọ́kànlélógójì?

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwé ni ìyẹn, fíìmù lèyí. Ẹni tó kọ fíìmù náà ni Shinobu Hashimoto, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ Seven Samurai, òun ló tún kọ Harakiri. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dí ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi okùn sílẹ̀ ni? Ó fi sílẹ̀ torí ó rò pé òun máa padà wá mú un. Èyí tí Ẹ̀gbọ́n Àjàní ń pè ní ọgbọ́n, èmi rí i bí ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé rẹ̀.

---

Ṣọlá Kẹ́ńdò

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń kọ́ kẹ́ńdò, eré idà ilẹ̀ Japan, ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún mẹ́fà sọ díẹ̀ lórí idà, torí mo rò pé ìparí náà wà nínú bí ọkùnrin yẹn ṣe ń dúró.

Ìdúró tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé kí orí idà kọjú sí ọ̀fun tàbí ojú ẹni tí ẹ jọ dojú kọra. Idà rẹ ń bá a sọ̀rọ̀: mo wà níbí, má súnmọ́ mi. Ti Ryunosuke yàtọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí orí idà sọ̀ kalẹ̀, á wolẹ̀, ojú rẹ̀ á dà bí ojú ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́nà jíjìn. Wọ́n ń pe ìdúró náà ní èyí tí kò ní ohùn. Kò pè ọ́, kò lé ọ. Ìwọ lo máa rò pé àyè ti ṣí. Bó o bá ti gbéra, o ti kú. Ẹ padà wo ìdíje rẹ̀ pẹ̀lú Bunnojo. Kò sí ìró kankan, wọ́n dúró, wọ́n dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú èèyàn, ẹni tó sì kọ́kọ́ fò sókè ló kú. Bàbá Ryunosuke tó ń ṣàìsàn lórí ibùsùn pàápàá rí ìkà nínú ìdúró yẹn, ó sì ń bẹ̀rù ọmọ ara rẹ̀.

Nígbà tó wá ń kúrò níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Bunnojo dènà dè é nínú igbó oníkùukùu. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó ń rìn lọ, wọ́n ń bọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gé wọn, kò sáré, kò yà. Òkú kún ọ̀nà.

Ibi tí mo ń lọ ni ti yìnyín. Ẹgbẹ́ Ryunosuke dènà de ẹnì kan tó wà nínú àga tí wọ́n ń gbé èèyàn léjìká, wọ́n rò pé Kiyokawa, ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, ni. Shimada ló jáde. Àṣìṣe! Mifune kàn ń rìn láàárín wọn nínú yìnyín, ó ń pa wọ́n, ó sì ń bínú sí wọn pé wọ́n fi tipá mú òun pààyàn. Ó wá sọ̀rọ̀ pé idà ni ọkàn, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ idà kọ́kọ́ mọ ọkàn, pé ọkàn búburú ni í bí idà búburú. Gbogbo àsìkò yìí, Ryunosuke dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè gbẹ́sẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí ẹ̀rù lójú rẹ̀. Bí mo ṣe rí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀, láìfi idà kàn án. Ohun tó kù títí dé Shimabara, ara tó ń rìn lẹ́yìn tí ọkàn ti kú ni.

---

Tóbi_Ọmọ_Ìwó

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àkọ́kọ́ tí mo máa wò ó nìyí, ibi tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn ti ṣe mí rúdurùdu ni ní Kyoto. Ta ni Serizawa, ta ni Kondo? Kí ló dé tí wọ́n ń pa ara wọn?

---

Àjàní Onísinimá

Tóbi àbúrò mi, àwọn méjèèjì wà lóòótọ́ nínú ìtàn Japan. Ìjọba Shogun, ọ̀gá ológun tó ń ṣàkóso Japan, ń yẹ̀ nígbà náà, ní Kyoto sì rèé, àwọn tó fẹ́ kí agbára padà sọ́dọ̀ Ọba ń pa àwọn èèyàn Shogun láàárín ìgboro. Ní 1863, wọ́n kó àwọn onídà tí kò ní olúwa jọ láti lọ dáàbò bo Shogun níbẹ̀. Inú wọn ni Shinsengumi ti jáde. Kamo Serizawa àti Isami Kondo jọ ṣe olórí rẹ̀, wọn ò sì gba tara wọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ló pa Serizawa lọ́dún kan náà yẹn. Nínú fíìmù, Serizawa ló ń wá bí Ryunosuke yóò ṣe bá òun pa Kondo, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi wà ní Shimabara lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1868, ìjọba Shogun ti wó. Àwọn tó ń pa ara wọn níbẹ̀ ò mọ̀ pé ilé tí wọ́n ń jà sí ti ń jóná.

Kọ́lá, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ padà wá mú okùn yẹn. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Okamoto kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe fíìmù ìwé yìí. Hiroshi Inagaki ti ṣe é ní 1935. Tomu Uchida ṣe apá mẹ́ta fún iléeṣẹ́ Toei láti 1957 sí 1959, fíìmù aláwọ̀, Chiezo Kataoka ló ṣe Ryunosuke. Iléeṣẹ́ Daiei tún ṣe apá mẹ́ta míì ní 1960 sí 1961, Raizo Ichikawa ló ṣe é níbẹ̀, Kenji Misumi darí méjì, Kazuo Mori darí ẹ̀kẹta. Mo ti wo ti Uchida àti ti Daiei. Wọ́n ní ìparí, ojú Ryunosuke fọ́ níbẹ̀, ó ń jìyà, ó ń ronú ọmọ rẹ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe èèyàn. Wọ́n dára! Ti Uchida tiẹ̀ rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó tán, mo sùn.

Ti Okamoto, kò jẹ́ kí n sùn. Ọdún 1924 ni wọ́n bí ọkùnrin yẹn. Ó wọ Toho ní 1943, wọ́n fà á sí iṣẹ́ ológun nígbà tí ogun ń lọ sópin, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì padà wálé. Ẹni tó rí ìyẹn mọ̀ pé ẹni tó ń pààyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kú nígbà tó yẹ, lọ́wọ́ ẹni tó yẹ. Ó fi Ryunosuke sílẹ̀ pẹ̀lú idà lókè, ó dojú idà náà kọ àwa tá a jókòó. Bí Hyoma bá wọlé níbẹ̀ tó gún un, a ó mí kanlẹ̀, a ó dìde lọ jẹun. Mi ò fẹ́ kí n mí kanlẹ̀ lórí ikú bàbá arúgbó yẹn.

---

Ìyá Ìbejì

Àjàní, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Mo tún padà lọ wo apá Edo lálẹ́ yìí. Ọmọ yẹn, Ikutaro lorúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ láti òkè wá, èmi náà ò sì dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ kọjá lọ sí Kyoto. Bí wọ́n bá ṣe apá kejì lóòótọ́, tirẹ̀ ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ti Hyoma.

---

Adéọlá Akàwé

Ó wà nínú ìwé, mà. Nínú ti Uchida náà, ọmọ yẹn ni bàbá rẹ̀ ń wá nígbà tí ojú ti fọ́. Ẹ wá a wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá àkọ́kọ́.

---

Kọ́lá Mushin

Aago méjì òru ti lù, mo ṣì wà lórí ẹ̀. Mo dá àwòrán ìkẹyìn yẹn dúró bó ṣe dúró fúnra rẹ̀, mo sì wò ó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé ó dojú idà kọ wá. Ojú rẹ̀ ni mo wò. Kò wò wá. Nakadai ń wo ohun kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bíi pé òjìji yẹn ti bọ́ sínú yàrá tí mo jókòó sí.

Mo ṣì fẹ́ apá kejì o. Ṣùgbọ́n mo tan iná yàrá kí n tó pa fóònù.